Tekken 5 àti Adé Ọdún 2005: Ìdájọ́ Láti Inú Ilé Géèmù Warri

Ẹgbẹ́ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ wọn tẹ̀wọ̀n láàrin àwọn oníṣẹ́ géèmù ló jókòó láti yan géèmù tó dára jù lọ ní ọdún 2005, ohùn wọn kò sì ṣọ̀kan. Spike Video Game Awards mú Resident Evil 4 ti iléeṣẹ́ Capcom. Interactive Achievement Awards ní God of War ti Sony Santa Monica ni. Game Developers Choice Awards, tó jẹ́ ti àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe géèmù, gbé adé fún Shadow of the Colossus, iṣẹ́ Fumito Ueda àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Japan. Ẹni tó fẹ́ràn àríyànjiyàn lè fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko jiyàn lórí èwo ló tọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi jọra ló gbà mí lọ́kàn jù: géèmù àdágbá ni wọ́n. Páàdì kan, ẹnì kan, ìtàn kan. Bí ẹnìkejì bá wà nítòsí, ìran ni yóò máa wò.

Ní Warri, ẹnìkejì kì í sàì sí nítòsí, ẹnìkẹta àti ẹnìkẹwàá sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú ilé géèmù, níbi tí èèyàn ti ń sanwó kó tó fọwọ́ kan páàdì, ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìlú náà ti mọ PlayStation 2. Orí bẹ́ńṣì ilé géèmù yìí ni mo fẹ́ jókòó lé láti dá ẹjọ́ ọdún 2005. Èrò mi ni pé Tekken 5 ti iléeṣẹ́ Namco ló yẹ kó gbadé, àti pé àwọn onídàájọ́ òkè òkun kò rí i bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọn kò ka agbo òǹwòran mọ́ ara iṣẹ́ ọnà.

Lítíréṣọ̀ alohùn wa ti kọ́ wa láti kà á mọ́ ọn. Nígbà tí Adébóyè Babalọlá gbé ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966, kò fi mọ sórí ọ̀rọ̀ tó wà lákọsílẹ̀ nìkan. Ó fi hàn pé àwọn tó ń sun ìjálá a máa ṣe lámèyítọ́ ara wọn lójú agbo: ọ̀kan á sun tirẹ̀, èkejì á ní irọ́ ló pa, pé oríkì tó kì kì í ṣe ti ìdílé tó dárúkọ. Agbo ló ń gbé eré ró, agbo náà ló sì ń dá a lẹ́jọ́. Ẹni tó bá gé ìjálá kúrò lágbo, tó wá ń yẹ ọ̀rọ̀ inú ìwé wò, ìdajì iṣẹ́ ló rí. Bẹ́ẹ̀ ni ti géèmù. Díìsì tó wà nínú páálí kò tíì di eré. Ìgbà tí ọwọ́ bá kan páàdì, tí ojú wà lára tẹlifíṣọ̀n, tí ẹnu òǹwòran sì ń lọ, ló tó di nǹkan tí lámèyítọ́ lè sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọdún tí ẹ̀rọ náà gbó sí i lọ́wọ́ wọn

PlayStation 2 jáde ní Japan ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 2000. Nígbà tó fi máa di 2005, àwọn tó ń ṣe géèmù fún un ti mọ gbogbo kọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó lágbára jù ú lọ ti ń bọ̀ lẹ́yìn, torí Microsoft gbé Xbox 360 jáde ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ rebi àgbà ni ọgbọ́n àwọn tó ń lò ó máa ń pé. Ìdí nìyí tí ọdún 2005 fi kún fọ́fọ́. Tekken 5 dé ilé àwọn ará Amẹ́ríkà ní oṣù Kejì, God of War tẹ̀lé e ní oṣù Kẹta. Winning Eleven 9 ti Konami jáde ní Japan ní oṣù Kẹjọ, Mortal Kombat: Shaolin Monks ní oṣù Kẹsàn-án. Ní oṣù Kẹwàá, Shadow of the Colossus jáde, Resident Evil 4 tó ti wà lórí GameCube láti oṣù Kìíní sì bọ́ sórí PlayStation 2. Need for Speed: Most Wanted ló kó ọdún náà délé ní oṣù Kọkànlá.

Kàlẹ́ńdà Warri kò bá ti Amẹ́ríkà mu. PlayStation 2 tòkunbọ̀ máa ń gba Èkó wọ Nàìjíríà, ọjà Alaba International ní Ọ̀jọ́ sì ni orírun ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n á ti tú ẹ̀rọ náà, wọ́n á fi ṣíìpù sí i nínú kó lè máa ka díìsì àdàkọ, wọ́n á sì kó o gba Ọ̀rẹ̀ àti Benin dé Warri. Ẹni tó ṣe géèmù ní Tokyo tàbí Los Angeles kò rí kọ́bọ̀ nínú owó náà. Olè ni, kò sí orúkọ mìíràn tó yẹ ẹ́. Síbẹ̀, ọ̀nà tí iṣẹ́ ọnà náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn, lámèyítọ́ tó bá sì fojú fo ọ̀nà yẹn kò lè ṣàlàyé ìdí tí géèmù kan fi gbilẹ̀ tí òmíràn fi kú.

Nígbà tí PlayStation 3 jáde ní ìparí 2006, dọ́là 499 ni wọ́n ń ta èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ní Amẹ́ríkà, dọ́là 599 ni èkejì. Onílé géèmù tó ń gba owó kéékèèké lọ́wọ́ ọmọ iléèwé kò lè dá irú owó bẹ́ẹ̀ lé. Ó dúró ti èyí tó ní. Sony fúnra rẹ̀ kò dáwọ́ ṣíṣe PlayStation 2 dúró títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013, lẹ́yìn tó ti ta èyí tó lé ní mílíọ̀nù 150 káàkiri ayé. Nítorí náà, géèmù ọdún 2005 kì í ṣe géèmù ọdún kan ní Warri. Ó ní ọ̀pọ̀ ọdún níwájú rẹ̀ láti fi hàn bóyá òun lè pẹ́ tàbí òun kò lè pẹ́. Àwọn tó ń fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ lópin ọdún kò ní àǹfààní ìdánwò yẹn.

Agbo tí wọ́n ti ń gbá a

Ẹni tó bá ti rìn yí Okumagba Layout, Enerhen Junction, Jakpa Road tàbí àyíká Petroleum Training Institute ní Effurun ká mọ irú ṣọ́ọ̀bù tí mò ń sọ. Yàrá kan ni, tẹlifíṣọ̀n mélòó kan wà lórí tábìlì, ẹ̀rọ géèmù wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ńṣì wà níwájú, fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní “I better pass my neighbour” wà lẹ́yìn ilé. Ọdún 2005 yìí kan náà ni òfin tuntun sọ iléeṣẹ́ mànàmáná NEPA di PHCN, ṣùgbọ́n iná kò tìtorí orúkọ tuntun pọ̀ sí i.

Òfin ilé géèmù rọrùn. Ìdíje kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, ẹni tó borí á jókòó ti páàdì rẹ̀, ẹni tó kàn á bọ́ síbẹ̀. Níbòmíràn, ẹni tí wọ́n nà ló ń sanwó fún àwọn méjèèjì. Òfin yìí sọ ọgbọ́n ọwọ́ di owó: ẹni tó mọ géèmù dáadáa lè fi owó ìdíje kan gbá a láti àárọ̀ di ọ̀sán, tí òpè á sì ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ láàrin wákàtí kan.

Àwọn tó ń dúró de ipò wọn kì í dákẹ́. Warri ni ibí yìí, ìlú tí orúkọ àwọn aláwàdà Ali Baba àti I Go Dye so mọ́, níbi tí ọmọdé ti ń kọ́ yabis, ìyẹn èébú ẹ̀fẹ̀, kó tó kọ́ ìṣirò. Ní Pidgin ni wọ́n ti ń bú ẹni tó ń fìdí rẹmi. Wọ́n á bú ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á bú bàtà rẹ̀, wọ́n á sì bi í bóyá ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ibí ló wà. Bí ẹni tó ń jìyà bá wá yí ìdíje padà, ẹnu kan náà ni wọ́n á fi yìn ín. Kò yẹ ká fojú kéré irú agbo yìí. Ìjà láàrin Itsekiri, Ijaw àti Urhobo ti gba ẹ̀mí púpọ̀ nílùú yìí láti 1997, ó sì tún rú ní 2003. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ibi tí ọmọ Itsekiri àti ọmọ Ijaw ti lè na ara wọn kí wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ńṣì kan náà kì í ṣe ibi yẹpẹrẹ.

Òṣùwọ̀n mẹ́ta ni agbo yìí fi lé wa lọ́wọ́. Èkíní ni àkókò: ṣé géèmù náà lè bẹ̀rẹ̀ kó sì parí kí ẹni tó ń dúró tó bínú, àti kí epo jẹnẹrétọ̀ tó tán? Èkejì ni ojú: ṣé ẹni tó wà lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ṣé ó sì yé e débi tó fi lè sọ̀rọ̀ lé e lórí? Ẹ̀kẹta ni ìjìnlẹ̀: lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbá a fún ọdún pípẹ́, ṣé ohun kan ṣì kù láti kọ́ níbẹ̀?

Àwọn mẹ́ta tó gbadé

Ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n wọ̀nyí wọn àwọn aládé. Resident Evil 4 ni Metacritic, tó ń ṣe àkójọ máàkì àwọn alámèyítọ́, fún ní 96 nínú 100 lórí GameCube, máàkì náà sì tọ́ sí i. Shinji Mikami, tó darí iṣẹ́ náà, gbé ojú ìwòye sẹ́yìn èjìká Leon Kennedy, akọni inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ géèmù ìbọn tó tẹ̀lé e sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará abúlé bá ń bọ̀ pẹ̀lú àáké, èèyàn á gbọ́ bí ọkàn ara rẹ̀ ṣe ń lù. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù nílò àdáwà. Gbé géèmù yìí síwájú ọmọ Warri mẹ́wàá, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń gbá a bá ta gìrì, ẹ̀rín á bẹ́, ìbẹ̀rù á sì bá ẹ̀rín lọ. Géèmù náà tún gùn, ibi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá wà nínú rẹ̀ tàbí ìparí orí kọ̀ọ̀kan nìkan sì ni èèyàn ti lè tọ́jú ibi tó dé. Bí iná bá lọ kó tó débẹ̀, iṣẹ́ wákàtí kan ti di òfo. Ẹ tún rántí mẹ́mọ́rì káàdì: mẹ́gábáìtì 8 péré ló ń gbà, gbogbo àdúgbò ló ń lò ó pọ̀, ẹnì kan sì lè pa ìrìn àjò ẹlòmíràn rẹ́ kó tó di ọjọ́ kejì.

God of War sún mọ́ agbo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwà Kratos, akọni inú rẹ̀, kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti lóye: ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún òrìṣà ogun, òrìṣà sì tàn án débi tó fi pa ìyàwó àti ọmọ ara rẹ̀. Yorùbá á ní òòṣà, bí o kò bá lè gbè mí, fi mí sílẹ̀ bí o ṣe bá mi. Ẹ̀dùn ọkàn yẹn gan-an ló ń ti Kratos kiri, ìjà rẹ̀ sì tóbi tó láti kún ojú òǹwòran ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló ń gbádùn páàdì. Onílé géèmù lè fi wákàtí díwọ̀n owó rẹ̀, ṣùgbọ́n á sú àwọn tó ń dúró, wọ́n á sì lọ.

Shadow of the Colossus ló ṣòro fún mi jù láti dá lẹ́jọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ẹṣin kan, ilẹ̀ gbalasa, òmìrán mẹ́rìndínlógún. Kò sí ọ̀tá kékeré kankan láti fi sáré gbóná. Èèyàn á gẹṣin títí, á rí òmìrán, á gun ara rẹ̀, á pa á, orin tó tẹ̀lé ikú náà á sì jẹ́ ti ọ̀fọ̀ dípò ti ayọ̀. Ueda mọ̀ọ́mọ̀ fi wá sínú ẹ̀bi. Bí ẹwà nìkan bá ni òṣùwọ̀n, tí mo sì dá wà nínú yàrá tí iná kì í lọ, òun ni mo máa mú. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́rọ́rọ́ ni ìlù rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ilé kò sì mọ ìdákẹ́rọ́rọ́. Kò sí ohun tí agbo lè fi ẹnu ṣe níbẹ̀. Àléébù géèmù náà kọ́ nìyẹn. Ohun tó ń sọ fún wa ni pé iṣẹ́ ọnà kan lè pé pérépéré kó má sì ní àyè ní gbogbo ibi.

Àwọn tó fi àyè sílẹ̀ fún ẹnìkejì

Lára àwọn géèmù ọdún náà tó gba páàdì méjì, Winning Eleven 9 ló lókìkí jù. Òun náà ni wọ́n sọ ní Pro Evolution Soccer 5 nígbà tó dé Europe ní oṣù Kẹwàá. Ní oṣù kan náà, Nàìjíríà na Zimbabwe ní àmì ayò 5 sí 1, síbẹ̀ Angola ló gba tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje ife àgbáyé 2006 mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní ìbànújẹ́ lè lọ mú Nàìjíríà nínú géèmù Konami kó fi gbẹ̀san. Bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ní ìwúwo, kò lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù. Èèyàn gbọ́dọ̀ ronú kó tó fún un, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ọ̀pá agbára kún dé kó tó ju bọ́tìnì sílẹ̀. Àṣẹ kò tó lọ́wọ́ Konami láti lo orúkọ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Arsenal àti Chelsea ń jẹ́ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Man Red ni Manchester United ń jẹ́, Liverpool sì ń jẹ́ Merseyside Red. Èyí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Adriano ti Inter Milan tó ń gba bọ́ọ̀lù bí ẹni pé ó bá a ṣọ̀tá wà níbẹ̀, ìyẹn sì tó.

Géèmù yìí yege nínú òṣùwọ̀n àkókò àti ojú. Gbogbo ọmọ Warri ló mọ bọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tí a ní láti túmọ̀ góòlù fún. Rẹfirí inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ bà á jẹ́, nítorí ó ń fọn fèrè lórí gbogbo ìfarakanra títí eré á fi máa já. Àléébù tó tóbi jù ni pé ó so ara rẹ̀ mọ́ kàlẹ́ńdà bọ́ọ̀lù gidi. Bí agbábọ́ọ̀lù bá ti pààrọ̀ ẹgbẹ́, géèmù náà ti gbó nìyẹn. Pro Evolution Soccer 6 dé ní 2006, wọ́n sì gbàgbé 5. Agbo fẹ́ràn irú géèmù náà ju díìsì èyíkéyìí nínú rẹ̀ lọ. Adé ọdún sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ kan pàtó.

Àwọn méjì tó kù kò ní dá wa dúró pẹ́. Most Wanted ní ìlépa ọlọ́pàá tó ń dá ẹ̀rín sílẹ̀, pàápàá lójú àwọn tó mọ ojú ọ̀nà Warri sí Sapele àti àwọn ọlọ́pàá orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ìlépa yẹn wà ni apá tí ẹnì kan ń dá gbá. Bí ẹni méjì bá jọ fẹ́ sáré, wọ́n á pín ojú tẹlifíṣọ̀n sí méjì, òǹwòran á sì máa gbọ̀n ojú kiri. Shaolin Monks mú Liu Kang àti Kung Lao jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó dára fún ọmọ ìyá méjì nílé. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí òfin rẹ̀ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n nà dìde, kò sẹ́ni tí wọ́n nà nínú irú ìjà àjùmọ̀jà bẹ́ẹ̀, onílé géèmù kò sì mọ ẹni tó yẹ kó lé.

Ìdí tí Tekken 5 fi jù wọ́n lọ

Tekken 5 bẹ̀rẹ̀ láti inú ara. Bọ́tìnì mẹ́rin ló ń lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀yà ara tirẹ̀: onígun mẹ́rin fún ọwọ́ òsì, onígun mẹ́ta fún ọwọ́ ọ̀tún, X fún ẹsẹ̀ òsì, olóbìírí fún ẹsẹ̀ ọ̀tún. Tí èèyàn bá fà sẹ́yìn, ó ti dènà ẹ̀ṣẹ́. Ọmọ tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì inú géèmù náà rárá lè bẹ̀rẹ̀ sí í jà láàrin ìṣẹ́jú kan. Ìjà kọ̀ọ̀kan kò pẹ́. Bí iná bá lọ, ìjà kan péré ló bá a lọ, onílé géèmù á sì ní kí àwọn méjèèjì tún un jà. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni nílò mẹ́mọ́rì káàdì fún, àfi ẹni tó fẹ́ fi owó inú géèmù ra aṣọ fún jagunjagun rẹ̀, àrà tuntun tí Tekken 5 mú wọlé.

Ní ti ojú, ara èèyàn méjì tó kún tẹlifíṣọ̀n kò ṣòro láti rí láti ẹ̀yìn. Agbo náà sì ti mọ àwọn ara wọ̀nyẹn tẹ́lẹ̀. Ìran Bruce Lee ni Marshall Law, ìrísí Jackie Chan ló wà lára Lei Wulong. Àwọn fíìmù wọn ti wọ ilé wa láti ayé kásẹ́ẹ̀tì fídíò. King wọ ìbòjú ẹranko jaguar, ó sì ń gbé èèyàn nálẹ̀. Christie Monteiro àti Eddy Gordo ń fi capoeira jà, ìjà oníjó tí àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà dá sílẹ̀ ní Brazil. Àwọn ará Japan ló wá gbé e padà sí etí òkun tí ọkọ̀ ẹrú ti gbéra. Kúmà, béárì tó ń fi ẹsẹ̀ méjì dúró, àti Roger Jr. tó jẹ́ kangarú, wà fún yabis: ẹni tí béárì bá nà ní Warri á gbọ́ ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Irú ìjà yìí kò ṣàjèjì sí agbègbè náà. Àwọn Ijaw ti sọ ìjàkadì di ayẹyẹ gbogbo ìlú láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pẹ̀lú ìlù àti ìyìn fún ẹni tó dá èèyàn délẹ̀. Inú àṣà yẹn ni Daniel Igali ti jáde, ọmọ Ijaw tó gba wúrà ìjàkadì fún Canada ní ìdíje Òlíńpíìkì Sydney ní 2000. Ẹni méjì láàrin agbo, ohùn gbogbo agbo lórí wọn, ẹni tó ṣubú á dìde jáde: òfin tí Warri ti mọ̀ ni Tekken 5 bá pàdé.

Ìjìnlẹ̀ ló wá fi ju gbogbo wọn lọ. Ẹ̀ṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ Kazuya àti Heihachi, méjì lára àwọn jagunjagun inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Electric Wind God Fist. Bí èèyàn bá ṣe é lásán, ẹ̀ṣẹ́ kan bí ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí bọ́tìnì bá bá ìtọ́ka ọwọ́ mu ní ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá, mànàmáná á bù yẹ̀rì, ẹni tó dènà rẹ̀ pàápàá kò ní lè san án padà. Ẹlòmíràn á gbá géèmù náà fún ọdún mẹ́ta kí mànàmáná náà tó máa jáde lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Láti ibẹ̀, á kọ́ bí a ṣe ń gbé ọ̀tá sókè kí a sì máa gbá a lọ kó tó kanlẹ̀, á kọ́ ìwọ̀n àyè àti ògiri, á sì kọ́ bí a ṣe ń ka ọkàn ẹni tó jókòó tì í. Iléeṣẹ́ Namco tún kó Tekken àkọ́kọ́, èkejì àti ẹ̀kẹta, bí wọ́n ṣe wà lórí ẹ̀rọ arcade, sínú díìsì kan náà, tí ẹni tó bá fẹ́ á fi mọ ibi tí àwọn ìjà yìí ti wá.

Àléébù kan wà níbẹ̀. Ìtàn Tekken jẹ́ ti ìdílé Mishima, níbi tí bàbá ti ń ju ọmọ sí ọ̀gbun, tí ọmọ sì ń ti bàbá mọ́lé. Ní apá karùn-ún yìí, Jinpachi, bàbá Heihachi, ló dé gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá ìkẹyìn. Ìjà rẹ̀ kò ṣe déédéé rárá: ó ń pọ iná láti inú ikùn, ó sì ń mú èèyàn dúró gbọin kó tó nà án. Àwọn alámèyítọ́ tó dá gbá a nílé bínú sí i, ìbínú wọn sì tọ́. Ṣùgbọ́n nínú ilé géèmù, èèyàn kì í bá ẹ̀rọ jà, èèyàn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá jà. Jinpachi kò ní ibi tó máa gbà wọlé. Àbùkù tó tóbi jù nínú iṣẹ́ náà pòórá nígbà tí wọ́n gbé e sínú agbo. Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé àwọn tó fún un ní 88 lórí Metacritic díwọ̀n géèmù kan tó yàtọ̀ sí èyí tí Warri gbá.

Tekken 5 ni Tekken tó kẹ́yìn lórí PlayStation 2. Nígbà tí Tekken 6 wọ ilé ní 2009, orí PlayStation 3, Xbox 360 àti PSP ló bọ́ sí. Kò sí àtúnṣe kankan tó wá gba ìjókòó lọ́wọ́ Tekken 5 lórí ẹ̀rọ tí Warri ní, bí Pro Evolution Soccer 6 ti gba ti 5. Ó jókòó síbẹ̀ títí ẹ̀rọ náà fi kú.

Ẹ̀rí àwọn tí kò gbà

Ẹnì kan á ní ṣé Eddy Gordo kọ́ yìí, tí òpè lè máa tẹ bọ́tìnì ẹsẹ̀ wàìwàì kó sì na ọ̀gá? Òtítọ́ ni. Àmọ́ agbo mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó bá fi Eddy borí á jókòó, wọn kò sì ní yìn ín. Wọ́n á ní kó mú ẹlòmíràn kó fi hàn wá. Iṣẹ́ tí àwọn asunjálá ń ṣe fún ara wọn lójú agbo gan-an ni èyí: ìborí nìkan kò tó, ó gbọ́dọ̀ mọ́ lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹlòmíràn á ní mo kàn ń fi òkìkí dájọ́ ni. Bí òkìkí bá ni, bọ́ọ̀lù ni yóò gbadé. Ohun tí mo ń wọ̀n ni bí òfin inú géèmù ṣe bá òfin ibi tí wọ́n ti ń gbá a mu, àti ohun tí ìbámu yẹn ń bí. Ẹ wo Lahore ní Pakistan. Láti inú ilé géèmù ìlú náà ni Arslan Ash ti jáde, tó gba ife ìdíje Evo Japan àti Evo ti Las Vegas ní 2019 pẹ̀lú Tekken 7, tí ẹnu sì ya àwọn ọ̀gá láti Japan àti Korea. Agbo tó ń bú èèyàn, tó ń jẹ́ kí owó rẹ̀ tán bó bá fìdí rẹmi, ilé ẹ̀kọ́ ni.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù ni ti àwọn ọmọbìnrin. Ilé géèmù jẹ́ ilé ọkùnrin. Christie àti Nina Williams ń jà lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó bá jókòó sórí bẹ́ńṣì á gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò bá yabis lásán mu, ìyá rẹ̀ náà á sì wá fà á jáde. Agbo tí mo ń gbé lárugẹ ti ìdajì ìlú sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹjọ́ yìí kò yọ adé kúrò lórí géèmù náà, ó ń dín ẹ̀tọ́ agbo kù láti sọ pé òun ń ṣojú Warri.

Ìdájọ́ mi rèé. Shadow of the Colossus ló rẹwà jù nínú àwọn géèmù 2005. Resident Evil 4 ló yí iṣẹ́ àwọn tó tẹ̀lé e padà jù. Tekken 5 ló dára jù, nítorí pé òun ló fi àyè sílẹ̀ fún ẹnìkejì, fún òǹwòran, fún òpè àti fún ọ̀gá, tó sì ṣì ní ohun tó lè kọ́ wọn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì wọ̀nyẹn ti ń wọ ọdún ogójì báyìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù náà sì ti di ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa eré àti àwùjọ ní yunifásítì wa, ẹ tètè lọ bá wọn, kí ẹ kọ òfin wọn, yabis wọn àti orúkọ àwọn ọ̀gá wọn sílẹ̀, kí ẹnu tó lè sọ ọ́ tó dín kù.